Ẹ má tíì ra sítátà: ohun tí mọ́tò tí kì í tètè dáhùn ń sọ fún yín

(Àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ ohùn tí admin wa sọ sínú gúrúùpù láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ohùn méje ni. A kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí dátà yín kò tó, àti ẹ̀yin tí ariwo ọjà kì í jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ohùn dáadáa.)

OHÙN KÌÍNÍ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Jos níbí, ẹ̀yin ti Bukuru, ti Bauchi, ti Kaduna, ti Kano, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lójú ọ̀nà bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, Ọlọ́run á máa ṣọ́ wa. Admin yín ni.

Ọ̀rọ̀ àjọ kọ́ ni mo gbé wá lónìí, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ọjà. Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni. Gbogbo yín lẹ rí ohun tí ẹ̀gbọ́n wa tó ń kó tòmátò kọ síbí lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Ó pa mọ́tò kó lè ra omi. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó padà dé, tó yí kọ́kọ́rọ́, mọ́tò kàn ń ṣe “ùn... ùn... ùn” bí ẹni tí oorun ń kùn. Ó tún un yí, ó tún rọlẹ̀ sí i. Kó tó rí ẹni tó máa bá a ṣe é, ilẹ̀ ti ṣú, inú mọ́tò ló sùn. Tòmátò tó kó, nǹkan bí ìdajì ló ti rọ̀ kó tó dé ọjà. Ẹ jẹ́ ká dúpẹ́ pé orí tòmátò ló mọ. Gbogbo wa la mọ ohun tí ọ̀nà ti dà lóde òní. Ẹni tí mọ́tò rẹ̀ bá kọ̀ lójú ọ̀nà lálẹ́, wàhálà rẹ̀ ju ti mọ́tò lọ.

Mo pè é. Mo ní ẹ̀gbọ́n, ṣé ọjọ́ yẹn gan-an ló bẹ̀rẹ̀ ni? Ó ní rárá, ó ti ju oṣù kan lọ tó ti ń yí fàà-fàà láàárọ̀, pé rèwáyà ti sọ fún òun pé sítátà ni, òun sì ti ń tọ́jú owó tí òun máa fi rà á. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá owó yẹn dúró ná. Nítorí èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, mo ti ra sítátà tí mi ò nílò rí, mo sì ti ra bátìrì tí mi ò nílò. Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́, lẹ́yìn náà màá sọ bí ẹ ṣe lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà kẹ́ ẹ tó náwó.

OHÙN KEJÌ

Ẹ mọ̀ pé aṣọ ni mò ń tà, Kantin Kwari ní Kano ni mo ti ń kó o. Mọ́tò wágọ́ọ̀nù tòkunbọ̀ kan ni mò ń lò nígbà náà. Nígbà tí ọyẹ́ dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọ̀lẹ láàárọ̀. Tí mo bá yí kọ́kọ́rọ́, á kọ́kọ́ ronú ná, á wá yí díẹ̀díẹ̀ kó tó jí. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ rèwáyà. Kò gbé mítà, kò yọ nǹkan kan, kò ṣí ohunkóhun wò. Ó fetí sí i lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní, “Sai an canja, Alhaji.” Ó ní àfi ká pààrọ̀ rẹ̀, sítátà ti kú. Mo rà á. Owó bọ́ńdùlù àǹkárá tó nípọn ni mo kó lé e. Sítátà mi àtijọ́, ó ní kí n fi sílẹ̀, mo fi sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mọ́tò fi ń dáhùn bí ọmọ tuntun. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó padà sídìí àárọ̀. Ni mo bá sọ pé a jẹ́ pé bátìrì ni. Àti pé ta ló jẹ bátìrì? Ọmọ iṣẹ́ mi. Mo mọ̀ pé ó máa ń gbọ́ rédíò nínú mọ́tò lálẹ́ nígbà mìíràn. Mo pariwo mọ́ ọn lójú àwọn èèyàn ní ṣọ́ọ̀bù, mo sì yọ lára owó oúnjẹ rẹ̀ fún bátìrì tuntun tí mo rà. Ọmọ náà bẹ̀ mí, ó ní “Ọ̀gá, mi ò tan nǹkan kan.” Mi ò gbọ́.

Oṣù tó tẹ̀ lé e, èmi àti ẹ ń bọ̀ láti Kano, ẹrù kún. A dúró ní Saminaka láti kírun ìrọ̀lẹ́. Nígbà tá a padà, mọ́tò ò yí mọ́ rárá. Bátìrì tuntun, sítátà tuntun! Ó kàn ń dún “tá” lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Mo tún gbóòórùn rọ́bà tó ń jóná. Bàbá awakọ̀ tírélà kan tó jẹ́ Hausa, tó páàkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, sọ̀ kalẹ̀. Ó ní kí n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó fọwọ́ kan wáyà tí ẹsẹ̀ fi ń fa epo, ó yára yọ ọwọ́, ó rẹ́rìn-ín. Wáyà yẹn gbóná janjan. Ó mú wáyà jọ́ḿpà dúdú kan, ó ki orí kan mọ́ ẹnu nẹ́gétíìfù bátìrì, ó ki orí kejì mọ́ irin ara ẹ́ńjìnì gan-an. Ó ní kí n yí i. Mọ́tò fò sókè bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lé lórí.

Kò sí ohun tó ṣe sítátà mi àtijọ́. Kò sí ohun tó ṣe bátìrì mi àtijọ́. Wáyà ilẹ̀ ló ti jẹrà, èyí tó so ẹ́ńjìnì mọ́ ara mọ́tò. Lábẹ́ bóòtù tó dì í mú, gbogbo rẹ̀ ti dógùn-ún. Owó tí mo fi pààrọ̀ ẹ, mi ò tiẹ̀ rántí, torí pé kò tó owó oúnjẹ ọ̀sán èèyàn méjì.

Lọ́nà tá a ń bọ̀ wálé, mo bẹ ọmọ náà. Mo dá owó rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n ìtìjú tí mo fi kàn án níwájú àwọn oníbàárà, mi ò rí èyí dá padà. Ìyẹn wà lára ìdí tí mo fi ń sọ ọ̀rọ̀ yìí. Tí a ò bá mọ ohun tó ń ṣe mọ́tò, owó wa nìkan kọ́ la máa pàdánù, a tún lè fi ẹ̀bi sórí ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

OHÙN KẸTA

Ó yá, ẹ jẹ́ ká mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ má bẹ̀rù, kò le.

Ẹ́ńjìnì kò lè dá jí. Ó gbọ́dọ̀ rí nǹkan tó máa kọ́kọ́ yí i kó tó lè fa epo àti atẹ́gùn mì. Láyé àtijọ́, ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí i, pẹ̀lú irin gígùn kan níwájú mọ́tò, àwọn bàbá wa tó wa lọ́rì mọ̀ ọ́n. Irin yẹn a máa ta padà, a sì máa ṣẹ́ èèyàn lápá. Ní 1912 ni ilé iṣẹ́ Cadillac ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ta mọ́tò tó ń fi iná bátìrì yí ẹ́ńjìnì. Ohun tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn la ń pè ní sítátà, tàbí kíkì-sítátà.

Nǹkan mẹ́rin ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ kà wọ́n pẹ̀lú mi. Ìkínní, bátìrì tó ní iná nínú. Ìkejì, ọ̀nà tí iná ń gbà lọ: wáyà pupa tó nípọn láti bátìrì dé sítátà. Ìkẹta, ọ̀nà tí iná ń gbà padà sílé: láti ara ẹ́ńjìnì, gba wáyà ilẹ̀, padà sí nẹ́gétíìfù bátìrì. Ìkẹrin, sítátà fúnra rẹ̀, pẹ̀lú agolo kékeré tó gùn ún lẹ́yìn, tí wọ́n ń pè ní sólénọ́ìdì. Agolo yẹn ń ṣe iṣẹ́ méjì. Ó ń ti eyín sítátà jáde kó lọ mú eyín fúláwíìlì, ó sì ń ṣí ilẹ̀kùn fún iná ńlá kó wọlé.

Iná tí sítátà ń jẹ pọ̀ gan-an. Rédíò yín lè máa jẹ áḿpù kan tàbí méjì. Sítátà mọ́tò kékeré oní-pẹtiróòlù lè jẹ 100 sí 200 lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù á fi tàn, tí fèrè á fi dún, tí sítátà kò sì ní yí. Ẹ fi wé ọjà: ọ̀nà tó fẹ̀ tó fún ẹlẹ́sẹ̀ kò túmọ̀ sí pé ó fẹ̀ tó fún tírélà. Torí náà, tí rèwáyà bá tan iná iwájú tó ní “bátìrì dáa, ẹ ò rí i bó ṣe ń tàn?”, kò tíì yẹ nǹkan kan wò.

Ẹ wá fetí sílẹ̀ dáadáa, torí ohùn mọ́tò ló máa kọ́kọ́ sọ ibi tá a máa wò.

Tó bá ń yí fàà-fàà, “ùn... ùn... ùn”, iná ló ń wọlé tí kò tó. Ẹ wo bátìrì, orí bátìrì, wáyà ilẹ̀, kẹ́ ẹ tó wo sítátà.

Tó bá ń dún “tà-tà-tà-tà-tà” léraléra bí ẹ̀rọ ìránṣọ, bátìrì ló ti rọ tàbí orí rẹ̀ kò dì mọ́ ọn dáadáa. Agolo yẹn ń gbìyànjú láti ṣílẹ̀kùn, bó ṣe ń ṣí i ni agbára ń tán, ó tún ń pa dé.

Tó bá dún “tá” ẹyọ kan, tó dákẹ́, tí iná iwájú sì ń tàn kedere, iná kò dé inú sítátà tàbí sítátà gbà á kò lè lò ó. Ó lè jẹ́ agolo, bọ́rọ́ọ̀ṣì, tàbí wáyà tó já.

Tí kò bá dún rárá, ẹ wò ó bóyá gíà ọtọmátíìkì wà ní P tàbí N. Ẹ má rẹ́rìn-ín, mo ti rí ẹni tó pe mẹkáníìkì nítorí rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo fíúsì, rílè, àti ẹnu ibi tí kọ́kọ́rọ́ ń wọ̀.

Tí sítátà bá ń yí “fúùùù” lásán tí ẹ́ńjìnì kò mì, eyín rẹ̀ kò mú eyín fúláwíìlì. Ìyẹn, sítátà ni, tàbí eyín fúláwíìlì tó ti jẹ.

Tó bá wá ń yí kíákíá bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n tí kò jí, ẹ gbọ́ mi o: sítátà ti ṣe iṣẹ́ tiẹ̀. Páǹpù epo, púlọ́ọ̀gì, tàbí nǹkan mìíràn ni. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ ra sítátà nítorí èyí, ẹ sá fún un.

OHÙN KẸRIN

Ká bẹ̀rẹ̀ láti orí bátìrì, torí ibẹ̀ ni kì í náni lówó.

Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ wo irin méjèèjì tó di wáyà mọ́ orí bátìrì. Tẹ́ ẹ bá rí ìyẹ̀fun funfun tàbí aláwọ̀ ewé tó hù sí i bí èébu, ọ̀tá ni. Ẹ gbìyànjú láti fọwọ́ yí irin yẹn. Tó bá lè yí, kò dì. Ẹ pa mọ́tò, ẹ yọ nẹ́gétíìfù kọ́kọ́, lẹ́yìn náà ẹ yọ pọ́sítíìfù. Sípánà 10 ló sábà máa ń bá a mu. Ẹ da omi gbígbóná díẹ̀ sí i, ẹ fi bọ́rọ́ọ̀ṣì onírin tàbí yanrìn-bébà ha á títí á fi máa dán bí kọ́bọ̀ tuntun. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń dá a padà, pọ́sítíìfù kọ́kọ́, nẹ́gétíìfù gbẹ̀yìn. Ẹ fi gírísì díẹ̀ pa á lórí. Ẹ ṣọ́ra, ohun tó wà nínú bátìrì máa ń jó aṣọ, ó sì ń jó awọ. Ẹ má mú sìgá tàbí iná súnmọ́ ọn, torí afẹ́fẹ́ tó ń jáde níbẹ̀ lè gbaná.

Ẹ wá lọ ra mítà kékeré kan. Kò wọ́n, kò sì le lò. Ẹ gbé e sí fóòtì, ti DC, 20. Pupa sí pọ́sítíìfù, dúdú sí nẹ́gétíìfù. Láàárọ̀, kí mọ́tò tó jí, lẹ́yìn tó ti sinmi mọ́jú, ẹ wò ó. 12.6 túmọ̀ sí pé bátìrì kún. 12.4, ó ku bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. 12.2, ó ku ìdajì. 12.0, ó ti ń lọ sílé.

Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kan yí kọ́kọ́rọ́, kẹ́ ẹ máa wo mítà bó ṣe ń yí. Á lọ sílẹ̀, kò burú. Tó bá lọ sísàlẹ̀ 9.6, bátìrì kò lágbára mọ́, tàbí kò rí iná gbà. Ẹ má tíì jù ú nù o. Ẹ lọ chájì rẹ̀ dáadáa mọ́jú, kẹ́ ẹ tún un wò. Bátìrì tí kò rí oúnjẹ jẹ yàtọ̀ sí bátìrì tó ti kú.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ bóyá ó ń rí oúnjẹ jẹ? Nígbà tí mọ́tò bá ti jí, ẹ tún wo mítà. Ó yẹ kó wà láàárín 13.8 sí 14.5. Tó bá ṣì wà ní 12 àti díẹ̀, alternator kò chájì, tàbí béélìtì rẹ̀ ti dẹ̀. Ẹ lè ra bátìrì mẹ́ta tẹ̀ léra, gbogbo rẹ̀ á kú sọ́wọ́ yín.

Ọ̀rọ̀ kan nípa ìlú tá a wà yìí. Àwa ti Jos máa ń rò pé òtútù ọyẹ́ ló ń pa bátìrì. Lóòótọ́, òtútù máa ń dín agbára bátìrì kù, ó sì máa ń mú kí ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ki, kí sítátà fi agbára púpọ̀ sí i yí i. Ṣùgbọ́n ooru gan-an ló ń jẹ bátìrì láti inú. Ooru Kano àti Sokoto nínú oṣù kẹrin ló ń ba a jẹ́, ọyẹ́ Jos kàn ń tú àṣírí rẹ̀ ni. Bátìrì tó bá ti lo ọdún mẹ́ta lápá òkè yìí, ẹ máa fura sí i kí ọyẹ́ tó dé.

OHÙN KARÙN-ÚN

Ibi tó pa mí lẹ́kún la dé yìí. Wáyà ilẹ̀.

Ẹ́ńjìnì kò jókòó sórí irin mọ́tò tààràtà. Orí síìtì ẹ́ńjìnì tó ní rọ́bà ló jókòó sí, kó má bàa máa gbọ̀n wá. Rọ́bà kì í jẹ́ kí iná kọjá. Torí náà, wọ́n fi wáyà kan tó nípọn so ẹ́ńjìnì tàbí gíà bọ́ọ̀sì mọ́ ara mọ́tò tàbí mọ́ nẹ́gétíìfù bátìrì. Gbogbo iná tó wọ inú sítátà, ibẹ̀ ló ní láti gbà padà. Tí wáyà yẹn bá jẹrà, iná á máa wá ọ̀nà ẹ̀bùrú: wáyà ìfà epo, wáyà gíà, ohunkóhun tó bá jẹ́ irin. Àwọn yẹn ò nípọn tó, ni wọ́n fi ń gbóná. Rọ́bà tí mo gbóòórùn ní Saminaka, ìyẹn ló fà á.

Báyìí lẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀nà kìíní ni ti bàbá onítírélà: jọ́ḿpà dúdú láti ẹnu nẹ́gétíìfù bátìrì dé irin ẹ́ńjìnì tí kò ní kíkùn, jìnnà sí béélìtì àti fáànù. Tí mọ́tò tó ń ṣe ọ̀lẹ bá yí kíákíá, ẹ ti mú olè.

Ọ̀nà kejì, ẹ lo mítà. Ẹ fi dúdú kan ẹnu nẹ́gétíìfù bátìrì, pupa kan irin ẹ́ńjìnì. Kí ẹnì kan yí kọ́kọ́rọ́. Tí ọ̀nà bá mọ́, mítà kò ní ka ju ìdá díẹ̀ nínú fóòtì kan lọ. Tó bá ju ìdajì fóòtì lọ, 0.5, iná ń rí ìdíwọ́ lọ́nà ilé. Ẹ lè yẹ ọ̀nà pupa náà wò bẹ́ẹ̀: mítà láàárín ẹnu pọ́sítíìfù bátìrì àti bóòtù ńlá tí wáyà pupa ń wọ̀ lára sítátà. Òfin kan náà ni.

Ọ̀nà kẹta kò gba mítà. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti gbìyànjú láti jí i ní ìgbà díẹ̀, tẹ́ ẹ pa á, ẹ rọra fi ẹ̀yìn ọwọ́ súnmọ́ àwọn ojú ibi tí wáyà ti so. Èyí tó bá gbóná ju ìyókù lọ, ibẹ̀ ni iná ti ń jà.

Ẹ ti wá mọ ìdí tí sítátà tuntun mi fi ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì báyìí. Nígbà tí wọ́n ń dè é, wọ́n tú bóòtù, wọ́n ha ojú irin, wọ́n tún dè é le. Wọ́n fọwọ́ kan àìsàn náà láìmọ̀, ó fara pamọ́ fún ìgbà díẹ̀. Bátìrì tuntun náà, agbára rẹ̀ ló fi ń ti iná gba ọ̀nà tóóró kọjá. Mọ́tò tó yá lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ nǹkan kò túmọ̀ sí pé nǹkan yẹn ló bàjẹ́.

OHÙN KẸFÀ

Ó dáa. Ká sọ pé bátìrì kún, orí rẹ̀ mọ́, ọ̀nà lílọ mọ́, ọ̀nà bíbọ̀ mọ́, síbẹ̀ ó ń yí fàà-fàà. Ìgbà yẹn la tó lè fọwọ́ tọ́ka sí sítátà. Mi ò sọ pé sítátà kì í bàjẹ́ o. Ó ń bàjẹ́ gan-an.

Àmì rẹ̀ kan ni pé láàárọ̀, mọ́tò á dáhùn dáadáa, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìrìn jíjìn, tẹ́ ẹ bá pa á ní ilé epo, kò ní dáhùn títí á fi tutù. Ooru ẹ́ńjìnì ti wọ inú sítátà tó ti ń darúgbó. Àmì kejì ni kẹ́ ẹ fi igi gbá a jẹ́jẹ́, kó sì ṣiṣẹ́. Èyí sábà máa ń jẹ́ bọ́rọ́ọ̀ṣì, dúdú kékeré tó ń gbé iná fún ohun tó ń yí nínú rẹ̀. Ó ti jẹ tán, gbígbá tẹ́ ẹ gbá a ló tì í kan ara irin padà. Ó lè gbé yín délé, ṣùgbọ́n ilé náà ni kẹ́ ẹ lọ o, ẹ má kọjá sí ọjà. Àmì kẹta, tó bá ń yí fàà-fàà, tí iná iwájú sì ń rẹ̀ sílẹ̀ púpọ̀ pẹ̀lú bátìrì tó kún, ó lè jẹ́ búùṣì inú rẹ̀ ló jẹ, tí ohun tó ń yí ń ha ara ògiri.

Bọ́rọ́ọ̀ṣì àti búùṣì, wọ́n ṣeé pààrọ̀. Agolo náà ṣeé pààrọ̀ lọ́tọ̀ lórí ọ̀pọ̀ mọ́tò. Ẹ bi oníṣẹ́ pé “Èwo nínú rẹ̀ ló bàjẹ́? Ẹ tú u kí n rí i.” Oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ kò ní bínú.

Tó bá wá di dandan kẹ́ ẹ ra odindi, tuntun tàbí tòkunbọ̀, ẹ gbé ti àtijọ́ dání. Ẹ ka eyín méjèèjì, kó bá ara mu. Ẹ wo ihò bóòtù. Kí ẹ tó sanwó, kí wọ́n fi bátìrì àti wáyà dán an wò lójú yín nílẹ̀, kí ẹnì kan fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa torí á ta. Eyín gbọ́dọ̀ yọ síta, kó sì yí láìsí ariwo irin. Ẹ má sì fi ti àtijọ́ yín sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ gbé e lọ sílé. Ta ló mọ ẹni tó ń lo sítátà mi tó dáa lónìí?

Ẹ tún rántí pé nígbà mìíràn, ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ ló le jù láti yí. Tí mọ́tò bá ti gbóná kọjá ààlà lọ́nà, tàbí tó ti wọ omi tó jìn, tí sítátà sì dún “gbàm” tó dúró gbagidi, ẹ má tún un yí mọ́. Ẹ pe mẹkáníìkì ẹ́ńjìnì. Omi lè wà nínú ẹ́ńjìnì, agídí á sì ṣẹ́ irin inú rẹ̀.

OHÙN KEJE

Mo fẹ́ parí. Ìkìlọ̀ díẹ̀ ló kù.

Ẹ má di kọ́kọ́rọ́ mú ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ sinmi díẹ̀, kẹ́ ẹ tó tún un yí. Ẹni tó bá di í mú títí, sítátà tí kò bàjẹ́ tẹ́lẹ̀ lè bàjẹ́.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi sípánà kan bóòtù méjì sítátà láti jí mọ́tò nígbà tí gíà wà nínú rẹ̀. Ẹ gbé e sí fúrì, kẹ́ ẹ fa búréèkì ọwọ́. Mọ́tò lè fò lọ gun ẹni tó wà níwájú.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi mọ́tò ẹlòmíràn jọ́ḿpù: pupa sí pọ́sítíìfù bátìrì tó kú, orí kejì sí pọ́sítíìfù bátìrì tó yè. Dúdú sí nẹ́gétíìfù èyí tó yè, orí kejì sí irin ẹ́ńjìnì mọ́tò tó kú, jìnnà sí bátìrì. Tó bá jí, èyí tẹ́ ẹ fi gbẹ̀yìn lẹ máa kọ́kọ́ yọ. Mọ́tò ọtọmátíìkì kò ṣeé tì jí, ẹ má fi ara yín wọ́lẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ni pé kẹ́ ẹ má dúró dìgbà tí mọ́tò bá kọ̀. Àìtètè mú olè ló ń jẹ́ kí olè mú olóko. Ọjọ́ kìíní tí ẹ bá gbọ́ “ùn... ùn...” láàárọ̀, mọ́tò ti kọ lẹ́tà sí yín nìyẹn. Ẹ fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú wò ó lọ́jọ́ Àìkú: orí bátìrì, mítà, wáyà ilẹ̀. Kí mítà kan, jọ́ḿpà kan àti sípánà 10 wà nínú búùtù gbogbo ẹni tó ń rìn ọ̀nà jíjìn nínú gúrúùpù yìí. Ẹ̀yin tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kan náà lè dá owó rà á pọ̀.

Ẹ̀gbọ́n wa olótòmátò, mo ti ní kí wọ́n gbé mọ́tò wá sí ọ̀dọ̀ mi lọ́la lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Màá mú mítà wá. Tó bá jẹ́ sítátà lóòótọ́, a máa jọ lọ rà á, tí wọ́n á sì dán an wò lójú wa. Tí kì í bá ṣe òun, owó yẹn á padà sínú tòmátò. Ohunkóhun tá a bá rí, màá sọ fún yín níbí.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó sọ ọ́ bí mọ́tò rẹ̀ ṣe ń dún gan-an. Ẹ ká ohùn mọ́tò náà sílẹ̀ kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ má kàn kọ “mọ́tò mi ò jí” síbí o, ìyẹn ò lè jẹ́ ká mọ nǹkan kan.

Ọ̀nà á là, ọjà á tà.